Lẹ́tà ṣíṣí sí Kan Tai-keung, télọ̀ tó di ayàwòrán

Bàbá mi, Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Kan Tai-keung ní Hong Kong,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì ríra rí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Èmi náà ò gbọ́ èdè Ṣáínà ju èyí tí mo fi ń ra aṣọ lọ: mo mọ “èló ni,” mo mọ “ó ti wọ́n jù,” mo sì lè ka owó dé ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ télọ̀ sí télọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, Yorùbá sì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Òun ni mo fi mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi, láti orí ṣọ́ọ̀kì dórí àlùmágàjí. Bí mo bá fi èdè mìíràn kọ lẹ́tà yìí, ìdajì ohun tó wà nínú mi ni yóò jáde. Ẹni tó bá kà á, tó sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, kó bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọdún 2014 ni mo kọ́kọ́ dé Guangzhou. Aṣọ ni mo lọ rà ní ọjà Zhongda, ní agbègbè Haizhu. Ẹ̀yin mọ ọjà náà. Fún ẹni tí kò débẹ̀ rí, ọjà tí èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ni, kí ó má sì tíì fọwọ́ kan ìdá kan nínú mẹ́wàá aṣọ tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òjò ká mi mọ́ ojú títì. Mo sá sí abẹ́ òrùlé báǹkì kan, mo gbá àpò sáńpù aṣọ mi mọ́ àyà, mo sì gbójú sókè. Bọ́tìnì ni mo rí.

Bọ́tìnì pupa ńlá kan. Ó rí roboto, ihò onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀. Òwú wọ inú ihò náà láti òkè, ó sì gba ìsàlẹ̀ jáde. Nígbà yẹn, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Kò sí ohun mìíràn tí ojú mi lè pè é. Mo dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá, mò ń bi ara mi léèrè irú báǹkì tó ń fi bọ́tìnì pe ara rẹ̀.

Obìnrin tí mo ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló là mí lóye. Ó yí ẹ̀yìn rìsíìtì padà, ó ya òbìrí kan, ó ya igun mẹ́rin kékeré sí àárín rẹ̀, ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè. Owó idẹ àtijọ́ kan wà lára okùn pupa tó fi so kọ́kọ́rọ́ náà: roboto, ihò onígun mẹ́rin láàárín. Lẹ́yìn náà ló fi bírò fa ìlà kan láti òkè, ó dá a dúró létí igun mẹ́rin, ó sì tún fa òmíràn láti etí ìsàlẹ̀ jáde. Ó wá tọ́ka sí pátákó ọjà tó wà lókè orí wa. Àmì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọjà náà ló ń fi hàn mí: zhong, àárín. Òun kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè yín, Zhongguo. Mo wo rìsíìtì, mo wo kọ́kọ́rọ́, mo wo pátákó. Owó ni. Orúkọ ìlú ni. Ó sì ṣì jẹ́ bọ́tìnì lójú mi.

Mo mú rìsíìtì yẹn padà wá sí Ìbàdàn. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di òní.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ya àmì báǹkì náà, Bank of China. Nígbà tí mo sì mọ̀, gbólóhùn kan péré nínú ìtàn ayé yín ló mú mi dìde lórí àga: pé ẹ fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ télọ̀. Wọ́n bí yín ní Panyu lọ́dún 1942. Panyu ti di ara Guangzhou báyìí, ìlú tí òjò ti pa mí yẹn. Ọdún 1957 lẹ kọjá sí Hong Kong, ọmọ ọdún 15, ẹ sì jókòó ti abẹ́rẹ́. Ó di ọdún 1967 kí ẹ tó wọ iṣẹ́ díṣáìnì.

Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Àwọn tí mo ti gbọ́ ìtàn yín lẹ́nu wọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọjá lórí ọdún mẹ́wàá yẹn, bí ẹni ń kọjá níwájú ilé tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. “Ó ṣe télọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ayàwòrán.” Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn, nípa Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn, nípa àṣà àtijọ́ àti ayé òde òní. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń fò.

Télọ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ọdún mẹ́wàá ń ṣe sí ọwọ́ èèyàn. Rírán kò le. Ọmọ ọdún kan nídìí iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n rán. Gígé ló le. A ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọrùn, a ó sì mú àlùmágàjí. Láti ìgbà tí irin bá ti wọ aṣọ, ẹ̀bẹ̀ ò sí mọ́. Ibi tí a gé kúrò yẹn ni orí ẹni tó ni aṣọ yóò gbà jáde. Àkísà ni a ń pe ohun tí a yọ, a sì ń gbá a sẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n bí a kò bá yọ ọ́, aṣọ ìbora lásán ni ohun tó kù, kò tíì di bùbá. Ọmọṣẹ́ tuntun máa ń wo aṣọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ á máa wo ihò.

Mo tún padà sí àmì báǹkì yẹn pẹ̀lú ojú yìí. Mo ti wádìí owó oníhò onígun mẹ́rin náà dáadáa. Ìgbà tí ọba Qin Shi Huang so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ di ọ̀kan, ní ọdún 221 kí wọ́n tó bí Jésù, ni irú owó bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń dà á bẹ́ẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó lé ní 2,000 ọdún tí ihò kan kò yí padà. Àwọn àgbà yín ní òbìrí ìta ni ọ̀run, igun mẹ́rin inú ni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó fọwọ́ ṣe owó náà ló wọ̀ mí lára ju èyí lọ. Bí wọ́n bá ti da idẹ tán, tí owó bá jáde, etí rẹ̀ máa ń rí ṣágiṣàgi. Wọ́n á wá ki ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ bọ ọ̀pá onígun mẹ́rin, wọ́n á fi irin yùn wọ́n pa pọ̀ títí etí gbogbo wọn á fi dán. Bí ihò náà bá rí roboto ni, owó á kàn máa yí lórí ọ̀pá, irin ò ní rí i mú. Igun mẹ́rin ló mú un dúró gbọn-in. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn? Ọ̀run àti ilẹ̀ wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn baba ńlá tiwa náà so owó mọ́ okùn. Owó ẹyọ ni tiwa. Wọ́n á lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì sín 40 sórí okùn kan. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà ayé àtijọ́ ti ná owó ẹyọ kí wọ́n tó dé orí idẹ, inú mi dùn bí ẹni rí mọ̀lẹ́bí. Ní Hong Kong títí dòní, àmì ẹyọ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ “rà,” nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ “tà,” àti nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ “ọrọ̀.” Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹyọ kọ̀wé láì ronú kàn án.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 lẹ ya àmì náà fún àwọn báǹkì tó so mọ́ Bank of China ní Hong Kong, nígbà tó di 1986, gbogbo Bank of China, tó ti wà láti 1912, gbà á ṣe tirẹ̀. Láti 1994 ni báǹkì náà sì ti ń tẹ owó bébà Hong Kong. Èèyàn tí kò mọ orúkọ yín rí, tí kò wọ ilé àfihàn kankan rí, iṣẹ́ yín ni ó ń wò bó bá gbójú sókè ní iwájú báǹkì. Òbìrí kan, igun mẹ́rin kan, ìlà méjì kéékèèké. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ká ní èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún, dírágónì ni ǹ bá yà. Ǹ bá fi fìtílà pupa kún un, àti ilé alájà méje, àti ògiri gígùn yẹn. Bí mo ṣe ṣe tèmi gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́dún 2009 tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n ya adé sí pátákó mi, kí wọ́n ya máṣíìnì, àlùmágàjí, ìlù dùndún, eyín erin méjì, àti àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà láàárín wọn. Mo fẹ́ kó hàn pé iṣẹ́ ìbílẹ̀ àti tìgbàlódé ni mò ń ṣe. Owó ńlá ni mo san, gbogbo ẹni tó wò ó ló sì yìn ín. Síbẹ̀, oníbàárà kan fóònù mi láti iwájú pátákó yẹn gan-an pé òun ò rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kankan ládùúgbò náà.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ronú nípa dída àṣà pọ̀ mọ́ ìgbàlódé nìyí, nílé yín àti nílé wa: wọ́n rò pé fífi kún un ni. Ẹ fi nǹkan àtijọ́ díẹ̀ sí i, ẹ fi nǹkan tuntun díẹ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ̀yin gé e. Ẹ mú owó tó ti wà fún 2,000 ọdún, ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, ẹ sì ń yọ ohun tí kò pọn dandan kúrò lára méjèèjì títí wọ́n fi kan ara wọn. Ibi tí ihò owó gbé jẹ́ ihò owó, ibẹ̀ náà ni àárín ọ̀rọ̀ náà. Òfo kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Èmi ò mọ ibòmíràn tí èèyàn ti ń kọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ dáadáa ju ìdí tábìlì gígé aṣọ lọ.

Ẹ̀ka tí Chinese University of Hong Kong ṣí fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà lẹ ti pàdé àwọn olùkọ́ méjì tó sọ yín di ẹni tí ẹ dà. Ọ̀kan ni Lui Shou-kwan. Guangzhou ni wọ́n bí i, lọ́dún 1919; ó dé Hong Kong lọ́dún 1948, ó sì ṣiṣẹ́ alábòójútó fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Yaumati, àwọn tó ń kó èrò sọdá. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ẹni tó gbé kíkùn tàdáwà kúrò nínú ṣíṣe àdàkọ àwọn àgbà, tó gbé e dé ibi tuntun, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ bí èmi ni. Ó ya òdòdó òṣíbàtà pẹ̀lú ìwọ̀nba ìlà búrọ́ọ̀ṣì dúdú fẹ̀ǹfẹ̀, ó sì kan pupa bíńtín lé e. Bẹ́ẹ̀ ló parí. Ó kú lọ́dún 1975, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

Ìkejì ni Wucius Wong, tí wọ́n bí lọ́dún 1936 ní Guangdong kan náà, tó lọ kàwé iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960 kí ó tó padà wá máa kọ́ni ní díṣáìnì. Òun ló ń sọ̀rọ̀ nípa àmì tó-tò-tó, nípa ìlà, nípa ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí gbogbo wọn ṣe ń to ara wọn. Nínú àwòrán tirẹ̀, òkè àti odò àtijọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìlà tààrà là wọ́n sí wẹ́wẹ́, bí ẹni gé aṣọ kan náà sí awẹ́, tó tún tò ó padà.

Olùkọ́ kan ní kí ọwọ́ lọ, èkejì ní kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹlòmíràn á ní ìjà ni. Télọ̀ mọ̀ pé téèpù wà lọ́rùn wa, ọwọ́ sì wà lórí aṣọ, àwọn méjèèjì la sì fi ń dá agbádá kan ṣoṣo.

Lọ́dún 2016 tí mo tún padà sí Guangzhou, mo ra irin iṣẹ́ yín. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi mọ̀ ọ́n. Tàdáwà yín kì í ṣe olómi inú ìgò: igi kékeré dúdú kan ni, tó le bí òkúta. Dúdú iná tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi àtè awọ ẹran pò ó. Mo kán omi sórí òkúta, mo sì ń lọ̀ ọ́ yípo, jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọṣẹ́ ti lọ sílé. Òórùn rẹ̀ dùn. Omi náà ń dúdú díẹ̀díẹ̀, ó ń ki, ó sì ń dán. Bébà xuan ni mo tẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi èèpo igi àti pòròpórò ìrẹsì ṣe ní Anhui. Bí mo ṣe ti orí búrọ́ọ̀ṣì kàn án, mo dúró díẹ̀ láti ronú. Kí n tó ronú tán, dúdú ti tàn kálẹ̀ bí epo lára aṣọ funfun. Bébà yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Rọ́bà kankan ò lè pa á rẹ́, a ò sì lè kùn ún bò. Àlùmágàjí ni.

Bébà 11 ni mo bà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ojú ìkejìlá, mo fa ìlà kan ṣoṣo, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Gbogbo funfun tó kù lókè ìlà yẹn di ojú sánmà láì jẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo jókòó, mo ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀yin ní orúkọ fún un, liubai, fi funfun sílẹ̀, àti pé Ma Yuan, ayàwòrán ààfin ìgbà ìjọba Song, ti ń kó àwọn òkè rẹ̀ jọ sí igun kan bébà láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, tó ń fi ìyókù sílẹ̀ fún ìkùukùu.

Ìdí nìyẹn tí àwọn pósítà yín ti ọdún 1995 fi mú mi, àwọn tó ń jẹ́ òkè, omi, afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ya àwòrán ohun tó ń pè, ẹ sì gbé ohun èlò ìkọ̀wé gidi sí àyè rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Tàdáwà ń sáré, ohun gidi náà dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú òjìji rẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan lára wọn hàn àwọn ọmọṣẹ́ mi lórí fóònù. Wọn ò mọ èdè náà. Wọ́n mọ̀ pé òkè ni.

Mo sọ pé nǹkan kan ń dùn mí, mi ò tíì sọ ọ́ tán. Nílẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé ẹni tó ń yàwòrán fún owó kéré sí ẹni tó ń yà á fún ìgbádùn ọkàn rẹ̀. Dong Qichang, ọ̀mọ̀wé ayàwòrán kan tó kú lọ́dún 1636, pín àwọn ayàwòrán sí ọ̀nà méjì, àwọn aláṣẹ́jẹ ló sì kó sí ọ̀nà tó rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bàbá àgbà tiyín, oníṣọ̀nà tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ilé àti tẹ́ńpìlì lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ìpín yìí kò tíì tán, kò sì sí nílé yín nìkan. Wọ́n á gbé òkè tí ẹ fi tàdáwà yà sí yàrá kan, wọ́n á pè é ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n á gbé àmì báǹkì sí yàrá mìíràn, wọ́n á pè é ní díṣáìnì. Àwọn ọdún télọ̀ kò ní yàrá kankan.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn gbogbo bébà tí a fi ń gé bàtánì, àwòrán ló wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ máṣíìnì, ọwọ́ mi, adìẹ ìyá aláta tó wà níwájú wa. Iṣẹ́ àwòrán ló fẹ́ kàwé lé lórí, owó ni kò sí, ni àwọn òbí rẹ̀ fi mú un wá kọ́ télọ̀. Kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ka àwọn ọdún yìí bí ẹni ń ka ọjọ́ nínú túbú. Mo sọ ìtàn yín fún un. Mo mú rìsíìtì jáde, mo fi òbìrí, igun mẹ́rin àti ìlà méjì hàn án, mo ní télọ̀ ló ṣe é. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní, “Ọ̀gá, ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ránṣọ yẹn, ṣé ó wà nínú eléyìí ni, àbí wọ́n kàn là á já?”

Mo sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún un, gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi nìyẹn. Èmi ò kúrò nídìí máṣíìnì rí. Ẹ̀yin lẹ kúrò níbẹ̀ tí ẹ dé ibòmíràn, ẹ̀yin lẹ lè dá a lóhùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Bàbá. Ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí Olúwa fi kún un fún yín pẹ̀lú àlàáfíà. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ògiri kan ṣoṣo. Ẹ gbé àlùmágàjí kọ́ síbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì, àti aṣọ kan tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gé, ó báà jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ tún lẹ ó gé e. Ẹ gbé àmì owó oníhò onígun mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èyí tí ẹ yà tí ẹ sì jù nù kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ gbé òkè kan tẹ̀ lé e, èyí tí funfun inú rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n má ṣe fi ilẹ̀kùn sí àárín wọn. Fọ́tò ògiri náà nìkan tó fún mi. N ó tẹ̀ ẹ́ jáde, n ó lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ọmọbìnrin yẹn ń jókòó.

Àti ìbéèrè kan, tó ti ń jà mí lọ́kàn láti ọjọ́ òjò yẹn. Àwọn ìlà méjì inú àmì náà, èyí tó wọlé láti òkè àti èyí tó jáde nísàlẹ̀: mo ti gbọ́ pé okùn tí wọ́n fi ń sín owó ni, mo sì mọ̀ pé ara ọ̀rọ̀ zhong ni. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ yín ń fà á, ní alẹ́, lórí bébà, ṣé ó ṣe bí òwú lọ́wọ́ yín?

Èmi ni, ọmọ yín nídìí iṣẹ́,
télọ̀ kan ní Ìbàdàn.